Táíwò Ń Ṣiṣẹ́, Kẹ́hìndé Ti Sùn

Ọ̀nà ńlá méjì ló ń gbé èèyàn láti Èkó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀kan gba Abúlé Ẹ̀gbá àti Sango lọ sí Ifọ̀, ó kọjá Papalanto àti Ewékorò kó tó dé Abẹ́òkúta. Èkejì ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gba Ibafo dé Mowe. Mowe lèèyàn ti ń yà lọ sí Ọ̀fàdà. Bí ọ̀kan bá dí, ẹni tí ara ń kán á gba èkejì, á sì máa ṣépè fún méjèèjì. Nítorí kàádì kan tí kò fẹ̀ ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ, èmi àti Ẹ̀gbọ́n gba ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, èmi náà ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn níbí. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló ń ṣe láti ìgbà tí NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ṣì lágbára, tí èèyàn á kọ̀wé béèrè ìlà, tí yóò sì bímọ kó tó rí i gbà. Ohun tó ń tún ṣe báyìí ni ẹ̀rọ tó ń pín ìpè nínú ọ́fíìsì. PABX ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Íńtákọ̀mù ni àwọn tó ń lò ó ń pè é. Ilé ìwòsàn, ilé ìtura, iléèwé àti ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn ni oníbàárà rẹ̀. Ó ti sọ fún mi rí pé iṣẹ́ tó le jù fún òun ni títún ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé ó bàjẹ́ ṣe. Gbólóhùn yẹn ló mú kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tẹ̀ lé òun.

A kúrò ní Berger láàárọ̀ nínú ọkọ̀ akérò tó kún débi pé orí itan mi ni àpò irinṣẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Òórùn màlúù Kara ló kọ́kọ́ kí wa, lẹ́yìn náà ni Afárá Gígùn tó dá irà odò Ògùn kọjá. Warewa, Arepo, Magboro níbi tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn PUNCH wà, ọgbà àdúrà MFM, Ibafo, Asese: orúkọ wọ̀nyí ni ọmọ ọkọ̀ ń ké bó ti ń já èrò sílẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 127.6. Láti oṣù Keje 2013 tí iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní ìpàdé ní Mowe ní aago mẹ́wàá gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ.

Orúkọ Ọ̀fàdà ti jáde nítorí ìrẹsì rẹ̀ nígbà tí Mowe àti Ibafo ṣì jẹ́ abúlé. Nísinsìnyí, ẹni tí owó ilé Èkó bá lé jáde, apá ibí ló ń sá sí, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì rọ́ tẹ̀ lé wọn. Ní Mowe, a já sáàárín ariwo àwọn onígárì, àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn ọlọ́kadà, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sì kọrí sọ́nà Ọ̀fàdà. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí a lọ. Ohun tó ṣe wọ́n lè ṣe ẹnikẹ́ni, mo sì fura pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Ta ló tún ń lo tẹlifóònù onírísífà láyé tí fóònù alágbèéká wà lọ́wọ́ aláàárù? Mo bi Ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì. Kò dáhùn, ó kàn nawọ́ sí bébà kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wọn: nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan fún ilé ìdáná, ọ̀kan fún ilé ẹ̀rọ, ọ̀kan fún nọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún mánijà. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà nọ́ọ̀sì ò nílò láti mọ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì nílò káàdì owó. Kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú, kí ẹ̀rọ sì gé ọmọ èèyàn lọ́wọ́ nílé iṣẹ́, tẹlifóònù ara ògiri yìí á ṣì dún ní ìpẹ̀kun ọgbà.

Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn GSM ò lè mọ ohun tí ìlà kan jẹ́ nígbà yẹn. NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1985 nípa pípa ẹ̀ka tẹlifóònù ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ P&T pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkèèrè, kò ní ìlà tó ń ṣiṣẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù títí di ọdún 2001, fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ tó bá ríbi rí ìlà mẹ́rin gbà á lọ ra PABX, á sì fi pín ìlà mẹ́rin náà fún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́. Nígbà tí GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, àwọn ìlà ìta bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń pín ìpè nínú ilé kò bá wọn kú.

Èyí tí a lọ bá wà nínú yàrá tútù kan lẹ́yìn ibi tí akọ̀wé ti ń gbàlejò. Kọ́bọ́ọ̀dù irin ńlá ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ògiri kan wà tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ọlọ́kan-ò-jọ̀kan bò, gbogbo wọn so mọ́ àwọn ike tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Krone. Lábẹ́ rẹ̀ ni bátìrì mẹ́rin jókòó sí, volt méjìlá-méjìlá, tí wọ́n so tẹ̀ lé ara wọn di volt 48. Ẹ̀gbọ́n fi han mi pé ẹsẹ̀ pọ́sítífù ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀, kì í ṣe nẹ́gẹ́tífù bíi ti mọ́tò. Láyé ìgbà tí wáyà bàbà ń gba inú ilẹ̀ tútù lọ ni àwọn onítẹlifóònù ti mọ̀ pé bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iná á máa jẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi já. Àṣà náà ò yí padà títí dòní.

Ohun tó mú ẹ̀rọ yìí wọ́n ju ti kíóòsì lọ ni pé ọpọlọ méjì ló ní. Àwọn tó ṣe é fi òdo àti oókan sàmì sí wọn. Ẹ̀gbọ́n sọ wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Táíwò ló ń gba ìpè tó ń so ó. Kẹ́hìndé ń wò ó: gbogbo ohun tí Táíwò bá kọ sínú ìrántí rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí Táíwò bá ṣubú, Kẹ́hìndé á gba iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tó ń fún un níná àti aago tirẹ̀. Kì í ṣe aago tí ń sọ àsìkò ni mo wí o. Ìlà onídíjítà tó ti ìta wọlé ń kó ohùn ọgbọ̀n ìpè papọ̀ sórí wáyà kan, bíìtì 2,048,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí aago tilé bá yára ju ti ìta lọ, tàbí tó falẹ̀, ohùn á máa ta kẹ́-kẹ́ létí ẹni, fáàkìsì á sì máa já láàárín ojú ìwé.

Èrò pé kí nǹkan ní èkejì yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà ṣí No. 1 ESS, ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà tó ń so ìpè fún odindi ìlú, ní Succasunna ní New Jersey ní 1965, àfojúsùn wọn ni pé kò gbọdọ̀ dákú ju wákàtí méjì lọ láàárín ogójì ọdún. Ọpọlọ méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń fi ìdáhùn wọn wéra, ni wọ́n fi lépa rẹ̀. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì jogún ìwà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìlú.

Iṣẹ́ kékeré ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè wá: kí a fa ìlà kan dé géètì ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kó lè wá ibi tí àyè wà, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

"Àbúrò, wá wo nǹkan."

Iná pupa kékeré kan ń tàn níwájú Kẹ́hìndé. Iná tó yẹ kó tàn lára ẹ̀rọ tó ń fún un níná kò tàn rárá. Ó so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ọn, ó ka àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí Kẹ́hìndé ti kú. Ẹ̀rọ náà ò dákẹ́ o. Ó ń kéde lójoojúmọ́ pé èkejì mi ti lọ, èkejì mi ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ń gba ìkéde náà ni ẹnì kan ti tú kúrò nígbà tí bébà rẹ̀ tán, iná pupa náà sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì kí eruku má bàa wọlé.

Mánijà dé. Ọ̀rọ̀ tó kọjá láàárín wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí nítorí pé gbogbo ìṣòro náà ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀ńjíníà, ṣebí tẹlifóònù ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"Kí ló wá bàjẹ́?"

Èmi ò bá mánijà náà wí. Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ní, ọjọ́ tó bá kú ni gbogbo ilé á kígbe, wọn á sì wá oníṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí pé ó ní méjì, ọ̀kan kú láìsí ẹni tó gbọ́, wọ́n sì ń fi èyí tó kù ṣe fáàrí pé àwọn ní méjì. Owó méjì ni wọ́n san. Ẹyọ kan ni wọ́n ń lò. Ìlànà àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí gbẹ́kẹ̀ lé ohun kan tí kò sí nínú àpótí tí wọ́n kó o wá: ẹni tí yóò máa bojú wẹ̀yìn wò. Ní ilé iṣẹ́ wa níbí, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti fẹ̀yìn tì tàbí tó ti já lọ sí Kánádà, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ni iná pupa yẹn ń sọ.

Ohun tó kú kò tóbi: kàádì tó ń sọ volt 48 di volt márùn-ún àti méjìlá fún Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe é ti ṣíwọ́ láti máa ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn nìyẹn. Nortel ti Kánádà, tí PABX rẹ̀ kún ọ́fíìsì káàkiri ayé, wọ kóòtù nítorí gbèsè ní oṣù Kìíní 2009, Avaya sì fi mílíọ̀nù 900 dọ́là ra ẹ̀ka tó ń ta ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́. Nígbà tó di 2017, Avaya fúnra rẹ̀ sá wọ kóòtù nítorí gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ kàádì ẹ̀rọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn tó ti kú, kó gé nǹkan lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mọ ibi tí ọ̀kan wà. Ifọ̀ ni.

Bí ọ̀nà kejì ṣe kàn nìyẹn. Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta ò dà bíi ti Ìbàdàn: kò sí afárá gígùn, ọjà ló ń wọnú ọjà, láti Abúlé Ẹ̀gbá títí a fi kọjá Sango, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ń rìn láàárín tòmátì àti bàtà òkèèrè. Àwọn méjì tó jókòó lẹ́yìn wa ń jiyàn lórí Abíọ́lá, bó ti máa ń rí lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, dá sí i. Ó rán wọn létí pé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ITT ń ṣe, pé Abíọ́lá ni alága rẹ̀ ní Nàìjíríà, àti pé ẹ̀rọ tí òun kọ́kọ́ fọwọ́ kàn láyé òun kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ló dé tí Fẹlá wá fi I.T.T. kọrin bú ọmọ Ẹ̀gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó bá ti gbé rísífà sétí láyé ìgbà yẹn, tó retí ohùn tí kò gbọ́, á mọ ìdí tí orin náà fi tà. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ìjiyàn sì parí síbẹ̀.

Ojú irin ló sọ Ifọ̀ di ohun tó jẹ́. Ìlà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, ibẹ̀ ló gbà. Ẹ̀ka tó lọ sí Ìdógò náà, Ifọ̀ ló ti yà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ojú irin àtijọ́ náà, ọkọ̀ méjì ò sì lè pàdé lórí rẹ̀ kí wọ́n sọ ìtàn, nítorí náà ibùdó kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi wáyà bá èkejì sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìlà tuntun tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, méjì ni ojú irin tirẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ò ṣe ara wọn ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti ojú fèrèsé, ó mi orí bí ẹni tó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ilé oníṣòwò irin àlòkù kan la lọ. Ilé iṣẹ́ kan lágbègbè náà ti kó tẹlifóònù rẹ̀ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ta PABX rẹ̀ ní ìwọ̀n kílò. Kọ́bọ́ọ̀dù náà dùbúlẹ̀ láàárín ẹnjíìnì mọ́tò àti páànù, irú kan náà pẹ̀lú ti Ọ̀fàdà. Bàbá onírin kíyè sí ojú Ẹ̀gbọ́n, ó mọ̀ pé ẹran ti kó sí pàkúté, ó sì pe iye kan tó mú mi fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n ò fèsì. Ó jókòó sórí táyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa àwọn ọmọ bàbá náà, ó ra omi fún gbogbo wa, ó sì wá sọ pé ohun tí òun fẹ́ rà gan-an ni páànù, pé bí bàbá bá fẹ́ kó fi kàádì kan tàbí méjì ṣe ènì. Mi ò ní sọ iye tí wọ́n fẹnu kò sí. Kò sún mọ́ èyí tí bàbá kọ́kọ́ pè, kò sì sún mọ́ ọ̀fẹ́.

Ó yọ kàádì mẹ́ta, ó wo nọ́ńbà ara wọn àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, nítorí kàádì tí orúkọ wọn jọra lè má lè gbé pọ̀ bí lẹ́tà ìkẹyìn bá yàtọ̀. Ó gbóòórùn wọn. Ó fi ìka tẹ orí àwọn kàpásítọ̀, àwọn agolo kékeré tó ń tọ́jú iná sínú. Oògùn kan wà nínú wọn tí ooru ń fà gbẹ, yálà wọ́n ń ṣiṣẹ́ tàbí wọ́n jókòó lásán. Èyí tó bá ti wú lórí, kò sí ìrètí fún un. Nínú mẹ́ta, méjì ti wú. Ó mú gbogbo wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ kàpásítọ̀ àtijọ́ kúrò lára èyí tó dára jù, ó fi òjé jó tuntun mọ́ ọn, ó wá so gílóòbù ọkọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹrù lè wà lórí rẹ̀. Volt márùn-ún tó ń jẹ́ márùn-ún nígbà tí nǹkan kan ò fà á, ó ní irọ́ ni títí iṣẹ́ á fi dé. Gílóòbù náà tàn di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí a padà dé Ọ̀fàdà, mo rò pé á ṣí ilẹ̀kùn, á ti kàádì wọlé, a ó sì lọ jẹun. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí Táíwò: nọ́ńbà gbogbo ilé, ẹni tó lè pe òkèèrè àti ẹni tí kò lè pè é, gbogbo rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó ba irú ẹ̀rọ yìí jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ń tún un ṣe ni wọ́n bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ti fún Kẹ́hìndé níná, ọpọlọ rẹ̀ ṣófo tàbí kó kún fún ohun àtijọ́, ẹ̀rọ náà á sì béèrè pé ti ta ni kí n dà kọ sínú ti ta ni. Ẹni tí oorun bá wà lójú rẹ̀, tó dáhùn òdìkejì, á fi òfìfo bo ohun tó pé. Lẹ́yìn náà ló so okùn kan mọ́ ọrùn ọwọ́, ó so ẹnu kejì mọ́ irin kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí iná tó máa ń wà lára aṣọ ẹni nígbà ọyẹ́ tó láti pa kàádì lójijì. Ìgbà yìí ló wá ti kàádì náà wọlé. Iná rẹ̀ tàn. Ó sọ fún ẹ̀rọ pé kí Kẹ́hìndé da ti Táíwò kọ, a sì jókòó dè é. Iná pupa náà kú nígbà tó yá.

"Ó ti parí?" Mánijà ló béèrè, ayọ̀ wà lójú rẹ̀.

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀, sà. Mo fẹ́ kí Kẹ́hìndé ṣiṣẹ́ kí n tó lọ."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà. Mánijà ò rí ìdí tí èèyàn á fi fọwọ́ kan ohun tó ti dára. Ẹ̀gbọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé èkejì tí wọn ò tíì gbé iṣẹ́ fún kì í ṣe èkejì. Wọ́n gbà níkẹyìn pé kó jẹ́ aago kan ọ̀sán tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bá ti lọ jẹun, kí akọ̀wé sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì iwájú, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ láìdákẹ́, a ó fi mọ̀ bóyá ìpè náà á já.

Akọ̀wé náà ò mọ ohun tó máa sọ. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé e lápá kejì kò ní irú ìṣòro yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ìrẹsì Ọ̀fàdà: pé èyí tí wọ́n ń tà ní Mowe fún àwọn ará Èkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò fojú rí Ọ̀fàdà rí, pé ti ìyá òun, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló ń hù, kì í ṣe inú omi, pé wọn kì í họ èèpo inú rẹ̀ dànù bíi ti òyìnbó, ìyẹn ló jẹ́ kó pọ́n, ó sì ń rùn bó ṣe yẹ kí ìrẹsì rùn. Akọ̀wé ní òun ò lè jẹ òkúta. Ẹ̀ṣọ́ ní ayé òkúta ti lọ, wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ṣà á. Ibi tó ti ń sọ irú ewé tí ó yẹ kí wọ́n fi wé e ni Ẹ̀gbọ́n ti tẹ bọ́tìnì. Iná tó ń jó níwájú Táíwò ṣí lọ sí ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé. Ẹ̀ṣọ́ náà ṣì ń sọ̀rọ̀ ewé, kò tilẹ̀ mí sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo ilé, tó ń tẹ nọ́ńbà lọ́wọ́ lásìkò yẹn gẹ́lẹ́, ló ní láti tún un tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, bí ìtàn bá jóòótọ́, ẹni tó ń so ìpè bíi akọ̀wé yìí ló mú kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń so ó fúnra rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Almon Strowger, ẹni tó ń sìnkú jẹun ní Kansas City, gbà pé àwọn tó ń so ìpè ń darí òkú òun sọ́dọ̀ asìnkú mìíràn. Ìbínú yẹn ló fi ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ tó gba ìwé àṣẹ ní 1891. Mo sọ ọ́ fún akọ̀wé, ó ní ọkùnrin náà ì bá ti kọ́kọ́ kí wọn dáadáa.

Ohun tó kù ni Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ràn láti sọ. Ó tọ wáyà iná lọ láti ẹ̀yìn Táíwò, ó tọ ti Kẹ́hìndé lọ, méjèèjì sì pàdé nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, lára UPS kan, lábẹ́ fíúsì kan. Ọpọlọ méjì, aago méjì, kàádì iná méjì, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó ẹyọ kan. Nínú bátìrì mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan ti kú; nítorí wọ́n so tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan yẹn ti sọ mẹ́ta yòókù di ẹrù lásán. Bí UPS náà bá kú lóru, ìbejì ò ní ran ara wọn lọ́wọ́.

Irú èyí kì í ṣe ti Ọ̀fàdà nìkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1990, ẹ̀rọ 114 tó ń gbé ìpè ọ̀nà jíjìn fún AT&T ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lé ara wọn lórí, fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní èkejì, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni wọ́n kọ sínú gbogbo wọn, àṣìṣe kan ṣoṣo sì wà nínú ìlà tó sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí aládùúgbò rẹ̀ bá jí padà láti inú dídákú. Ti wa nítòsí, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 ni. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ilé iṣẹ́ tó fọkàn sí i á ra ọ̀nà lórí méjì nínú wọn kó lè sùn, gbogbo wọn já lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan, nítorí ibì kan náà ni wọ́n gbà kọjá nísàlẹ̀ omi. Báńkì ní Èkó dákẹ́. Ẹni tó ra méjì rí i lọ́jọ́ náà pé ọ̀kan lòun rà.

Mánijà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní owó wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun wà, kí wọ́n fa iná Kẹ́hìndé láti ara fíúsì mìíràn lójú ẹsẹ̀. Bátìrì mẹ́rin tuntun náà, á fọwọ́ sí i. UPS kejì, ó di ìgbà tí wọ́n bá ṣe ìṣirò ọdún tuntun. Ẹ̀gbọ́n ní bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa pààrọ̀ o, kì í ṣe ẹyọ kan tó kú, nítorí tuntun tí wọ́n so mọ́ àgbàlagbà kì í pẹ́ dàgbà. Mánijà tún fẹ́ fa owó náà wá sísàlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n yọ díẹ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ó ku ẹni tí yóò máa gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀kan sí èkejì lóṣooṣù. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ nípa tẹlifóònù. Akọ̀wé ló ní òun á ṣe é bí wọ́n bá kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, ó mú ìwé, ó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n wo òun bí òun ṣe ń gbé e padà fún Táíwò. Ó tẹ̀ ẹ́, iná ṣí lọ. Ẹ̀gbọ́n dá Ọjọ́bọ̀ fún un. Akọ̀wé ní Ọjọ́bọ̀ ni mánijà ń pe àwọn oníbàárà láti àárọ̀ di alẹ́, kò dára. Wọ́n fi í sí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago kan ọ̀sán, lẹ́yìn tó bá ti ṣe ẹ̀dà ìrántí ẹ̀rọ, kó sì kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sórí bébà tí Ẹ̀gbọ́n lẹ̀ mọ́ ìta ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ẹni tó ń kọjá lọ á ti rí i.